Ẹsẹ̀ Kíká Lára Ọmọ Ewúrẹ́ Tuntun

Bí ewúrẹ́ bá bímọ ní agboolé wa ní Ìbàdàn, tí ọmọ náà kò lè fi pátákò tẹlẹ̀, tí ó ń fi ọrùn ẹsẹ̀ rìn, ohun tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé, “Ẹ fi í sílẹ̀, kò lè yè.” Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dùn mí, nítorí púpọ̀ nínú irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni ó ṣeé tọ́jú bí a bá tètè bẹ̀rẹ̀.

Wàrà àkọ́kọ́, èyí tí ó ki, ni kí a kọ́kọ́ fún un láàárín wákàtí 6 tí wọ́n bí i, nítorí ọmọ tí kò lè dìde kò lè dé ìdí ọmú. Lẹ́yìn náà, ẹ di òkè ẹsẹ̀ mú ṣinṣin, kí ẹ sì fi ọwọ́ kejì na ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́jẹ́. Bí ó bá fẹ́rẹ̀ẹ́ nà tán, iṣan ni ó ká, bóyá nítorí pé àyè há mọ́ ọn nínú ikùn ìyá rẹ̀. Kí ẹ máa nà án bẹ́ẹ̀ nígbà púpọ̀ lójúmọ́. Bí èyí kò bá tó, ẹ fi òwú wé e kí ó nípọn, ẹ la páìpù omi sí méjì, ẹ gbé ẹsẹ̀ náà sínú ìdajì kan, kí ẹ sì fi báńdéèjì dì í. Ojoojúmọ́ ni kí ẹ máa tú u wò, nítorí awọ ọmọ ẹran tètè ń bó. Bí pátákò bá tutù, tàbí tí ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ wú, ìdè náà ti le jù.

Ẹsẹ̀ tí iṣan rẹ̀ rọ̀ jù, tí imú pátákò rẹ̀ yọ sókè, kò fẹ́ ìdè rárá. Ìrìn díẹ̀díẹ̀ ni yóò fún iṣan rẹ̀ lágbára.

Ẹsẹ̀ tí ó wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ tún yàtọ̀. Àwọn tí ń sin alpaca, ẹran onírun orí òkè Peru, mọ̀ ọ́n dáadáa: ọmọ tí wọ́n bá bí nígbà òtútù ní ilẹ̀ tí oòrùn kò ti pọ̀ kì í ní fítámìnì D tó, egungun rẹ̀ a rọ̀, orúnkún a sì wọ́. Abẹ́rẹ́ fítámìnì náà ni wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀, àyàfi bí ó bá ti wọ́ jù, tí ó fi di iṣẹ́ abẹ, èyí tí wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe kí egungun tó dẹ́kun gígùn. Oòrùn kò wọ́n wa níbí, nítorí náà, ẹ má ṣe sé ìyá àti ọmọ mọ́ inú ilé tí ó ṣókùnkùn.

Bí oríkèé kò bá yí rárá, ẹ má ṣe fi agbára nà án, kí egungun má baà ṣẹ́. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ẹran ti Yunifásítì Ìbàdàn. Ẹ má sì ṣe fúnra yín gún un ní oxytetracycline, oògùn apakòkòrò kan, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn dókítà ẹran a máa lò ó láti dẹ iṣan ọmọ ẹṣin, nítorí ìwọ̀n tí iṣẹ́ yẹn ń fẹ́ pọ̀ tó láti ba kíndìnrín jẹ́.