Inú ò ní eyín

Ọjọ́rú. Òjò, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lórí afárá Third Mainland, iṣẹ́, ilé. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ tí mo gbọ́ nídìí ẹ̀wà àgànyìn l'Óyìngbò láàárọ̀ ni kò jẹ́ kí n sinmi. Ọmọkùnrin kékeré kan ń ki búrẹ́dì bọ ẹnu léra-léra, ó ń sáré ilé-ìwé. Ìyá rẹ̀ àgbà ní, "Rọra rún un, ọkọ mi. Inú ò ní eyín." Kò jágbe mọ́ ọn o. Jẹ́jẹ́ ló wí i.

Inú ò ní eyín. Lóòótọ́, inú lè po oúnjẹ, ó lè da omi kíkan lé e lórí, àmọ́ kò lè gé e. Ẹnu ni iṣẹ́ yẹn wà. Itọ́ ni mo tiẹ̀ ń rò jù. Ojúsun rẹ̀ ńlá mẹ́fà ló wà: méjì níwájú etí, méjì lábẹ́ àgbọ̀n, méjì lábẹ́ ahọ́n. Amylase, èròjà kan nínú itọ́ tó ń fọ́ oúnjẹ, ti ń sọ sítáàṣì inú ìrẹsì tàbí búrẹ́dì di ṣúgà kí a tó gbé oúnjẹ mì rárá. Ẹ bu ìrẹsì funfun sẹ́nu láìlọ́bẹ̀, kí ẹ rún un títí, ẹ ó rí i pé yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dùn. Tó bá dénú, omi kíkan ibẹ̀ á dá amylase náà lọ́wọ́ kọ́.

Àmọ́ àmàlà ńkọ́? Ta ní ń rún àmàlà? Àwọn bàbá wa gbé e mì títí wọ́n fi darúgbó, nítorí omi mìíràn wà nínú ìfun kékeré tó ń parí iṣẹ́ tí ẹnu ò ṣe. Nítorí náà, bóyá ọ̀rọ̀ màmá yẹn ò kan gbogbo oúnjẹ. Ẹran ló kàn. Ẹ̀pà. Àgbàdo sísun. Àwọn nǹkan tí Bàámi fẹ́ràn...

Bàámi ni mo ń rò. Láti ìgbà tí eyín rẹ̀ ti ká, gbogbo ẹran àwo rẹ̀ ló ń pín fáwọn ọmọ. "Ẹ gbà, mo ti yó." Kò yó. Lálẹ́ àná mo rí i tó ń fi ahọ́n yí ègé ṣàkì kan kiri, tó wá rọra tú u sọ́wọ́. Inú ò ní eyín, ẹnu náà ò sì ní in mọ́.

Inú bí mi. Sí ta ni, mi ò lè sọ.

Lálẹ́ òní mo se ẹran náà títí ó fi rọ̀ bí ẹ̀kọ, mo ya á wẹ́wẹ́ sínú ẹ̀gúsí. Ó jẹ ẹ́ tán! Ó tún ní kí n bu díẹ̀ sí i.

Lọ́la màá lọ béèrè iye tí wọ́n ń ṣe eyín àtọwọ́dá ní LUTH, ilé-ìwòsàn ńlá tó wà n'Ídí-Àràbà. Bàámi yóò ní kí n má náwó lórí arúgbó. Màá ná an.