Kí Ẹ Tó Ra Fáníìṣì Tuntun fún Ọkọ̀ Ojú Omi Yín

Bí ẹ bá rí i tí fáníìṣì ń bó lára igi ọkọ̀ ojú omi, ẹ má tíì sáré lọ ra agolo tuntun. Ẹ kọ́kọ́ wá ibi tí omi ń gbà wọlé. Iṣẹ́ káfíńtà ni mo kọ́, ó sì ti pẹ́ tí mo ti ń tún ọkọ̀ onípákó ṣe ní etídò Ìpàkodò àti Báyékù, ní Ìkòròdú níbí. Ohun tí ojú mi rí ni pé fáníìṣì kì í sábà ti òkè bàjẹ́. Ìdí síkúrù, ojú ibi tí igi méjì ti pàdé, àti ẹnu igi tí ayùn gé, ibẹ̀ ni omi ń gbà wọ abẹ́. Bí oòrùn bá wá ta sí i, omi yẹn á wá ọ̀nà àtijáde, fáníìṣì á wú, á sì bó.

Ọkọ̀ onífáíbà ló kún etídò báyìí, àwọn tó ń kó èrò lọ sí Èkó kò sì ní igi tí à ń kùn lára. Ṣùgbọ́n àwọn ọkọ̀ àtijọ́ kan ṣì wà tí ọ̀pá ìdìmú wọn jẹ́ ìrókò, tí ìlẹ̀kùn wọn jẹ́ ọ̀gànwó. Ẹni tó bá gbé ọ̀dà lé irú igi bẹ́ẹ̀, èmi ò mọ ohun tí mo lè sọ fún un.

Alhaji kan gbé tiwọn wá nígbà tí Iléyá ku díẹ̀. Wọ́n ní, "Ọ̀gá káfíńtà, ẹ ṣáà bá mi fi òmíràn gùn ún lórí kó máa dán. Àlejò ń bọ̀." Mo ní, "Alhaji, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ fọwọ́ kan ibí yìí." Ìdí síkúrù kan ni. Igi tó yí i ká ti dúdú, mo sì fi èékánná tẹ̀ ẹ́, ó wọlé wọ̀ọ̀. Bẹ́ẹ̀ fáníìṣì tó wà lórí rẹ̀ ṣì ń dán o! Alhaji mí kanlẹ̀, wọ́n ní kí n máa báṣẹ́ lọ, àwọn á wá ọkọ̀ mìíràn fún àwọn àlejò.

Nítorí náà, ẹ tú gbogbo irin tó wà lára igi náà, àti híńjì àti ìkọ́. Ẹni tó bá ń kun fáníìṣì yí irin ká, ọ̀nà ló ń là fún omi. Lẹ́yìn náà, ẹ fi omi kànga fọ̀ ọ́ dáadáa kí sáńpépà tó kàn án. Omi ọ̀sà wa máa ń níyọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, bí òjò bá kún ni iyọ̀ rẹ̀ ń dínkù. Iyọ̀ tó bá gbẹ mọ́ igi, tí ẹ ò fọ̀ ọ́ kúrò, inú igi ni sáńpépà máa rọ́ ọ sí, á sì máa fa omi mọ́ra lábẹ́ fáníìṣì tuntun.

Láti há fáníìṣì àtijọ́ kúrò, àfọ́kù gíláàsì ni mo fẹ́ràn jù, bí àwọn ọ̀gá wa ṣe ń lò ó lára àga. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ dì í mú kó dagun díẹ̀, kí ẹ máa fà á tẹ̀lé bí igi ṣe là. Bí ọwọ́ bá mọ̀ ọ́n, fáníìṣì á máa ká bí èèpo àlùbọ́sà. Èmi kì í fi iná yọ ọ́ rárá, epo bẹntiróòlù kì í jìnnà sí ọkọ̀. Lẹ́yìn gíláàsì ló kan sáńpépà: nọ́ńbà 80 tó le jù, lẹ́yìn náà 120, kó tó kan 220 tó kúnná. Ẹ má fo ọ̀kankan, ẹ má sì fà á dábùú igi, torí gbogbo ìlà ọ̀nà yẹn ni fáníìṣì máa tú síta. Ẹ bo imú. Eruku ìrókò máa ń ta ọ̀fun gan-an.

Dúdú ìdí síkúrù kì í bá sáńpépà lọ. Oxalic acid là ń lò fún un, kóró funfun kan tí à ń pò mọ́ omi gbígbóná nínú ike. Ẹ fi kun ojú ibẹ̀, kó gbẹ, kí ẹ wá fi omi púpọ̀ ṣàn án kí ẹ tó tún há a. Májèlé ni o, ẹ má jẹ́ kó kan ojú, ẹ má sì gbé e síbi tí ọmọdé lè dé. Igi tó bá ti rọ̀ ní tirẹ̀, ẹ gé e kúrò kí ẹ fi tuntun dí i. Kò sí oògùn tó ń jí igi tó ti jẹrà.

Ọlọ́jà máa sọ fún yín pé fáníìṣì àga àti ti ojú omi, ọ̀kan náà ni. Irọ́ ni. Igi ọkọ̀ a máa wú nígbà òjò, a sì máa súnkì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ti àga le jù, kò lè bá a lọ bá a bọ̀, á sán. Ti ojú omi máa ń tẹ̀lé igi, ó sì ní ohun tó ń dènà oòrùn nínú. Ó wọ́n lóòótọ́.

Ìrókò ní òróró kan nínú tí kì í jẹ́ kí fáníìṣì tètè gbẹ, nítorí náà, ẹ fi tína nù ún kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Fáníìṣì tí ẹ máa kọ́kọ́ kùn, ẹ fi tápentáìnì là á ní ìlàjì kó lè mu wọ inú igi. Ibi tí mo ti ń lo àkókò jù nìyí. Ẹnu igi tí ayùn gé, màá kùn ún, á mu ún, màá tún kùn ún, títí kò fi ní mu mọ́. Inú ihò síkúrù náà, màá fi igi tín-ín-rín kùn ún. Ẹlẹ́ẹ̀kejì, ẹ dín tápentáìnì kù. Èyí tó bá tẹ̀lé e, ẹ lò ó bó ṣe wà nínú agolo. Kí ẹ kùn ún lẹ́ẹ̀mẹ́fà kò pọ̀ jù, ọ̀pá ìdìmú tí oòrùn àti ọwọ́ èèyàn ń bá jà gbọ́dọ̀ gbà tó mẹ́jọ. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ti gbẹ, ẹ fi sáńpépà 320 fẹ́ẹ́ rà á lójú, kí ẹ nu eruku rẹ̀. Ẹ má mi agolo fáníìṣì o, ẹ rọra rò ó, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ìfófòó ni ẹ máa kùn.

Oṣù Kejì sí Ìkẹta ló dára jù níbí, nígbà tí eruku ọyẹ́ ti rọlẹ̀ tí òjò ò sì tíì dé. Ẹ ta tapólì sókè kí oòrùn má baà sè é. Ẹ jẹ́ kí ìrì àárọ̀ gbẹ tán kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì jáwọ́ ní aago méjì ọ̀sán, torí ìrì alẹ́ tó bá bá fáníìṣì tútù á sọ ọ́ di fúnfún bàìbàì. Àkísà tí ẹ fi nu ọwọ́, ẹ tẹ́ ẹ síta kó gbẹ. Bí ẹ bá ká a jọ sínú páálí, ó lè gbóná fúnra rẹ̀ kó gbiná.

Nígbà tí ẹ bá ń dá irin padà, ẹ fi sílíkọ́ọ̀nù, gọ́ọ̀mù tó ń dí omi, sínú ihò kí síkúrù tó wọ̀ ọ́. Lọ́dọọdún kí òjò tó dé, ẹ fi 320 rà á lójú, kí ẹ kùn ún lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì. Ẹ kìlọ̀ fún awakọ̀ yín kó má fi kànrìnkàn onírin fọ̀ ọ́, ìdọ̀tí irin yẹn á dípẹtà sínú fáníìṣì. Kí agolo kékeré kan sì máa wà lábẹ́ ìjókòó: ọjọ́ tí ìdákọ̀ró bá ha igi náà ni kí ẹ kun ojú ibẹ̀, kí omi tó wọ̀ ọ́.