Àkúrẹ́ sí Èkó jìn ju Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù lọ: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́

Ẹ̀yin ará Àkúrẹ́ tẹ́ ẹ lẹ́nìyàn lókè òkun, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ka eléyìí kẹ́ ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Inú mi ò tíì rọ̀ rárá.

Àbúrò mi obìnrin bímọ sí Lọ́ńdọ̀nù, Màmá wa fẹ́ lọ bá a tọ́jú ọmọ, kí wọ́n sì bá ìkómọ. Bàálù aago mọ́kànlá alẹ́ ni, èmi ni mo ṣe gbogbo ìṣirò. Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù tó nǹkan bíi 5,000 kìlómítà, bàálù ń fi bíi wákàtí mẹ́fà ààbọ̀ rìn ín, aago wọn àti tiwa sì dọ́gba lásìkò ooru wọn, ọkọ àbúrò mi ti ń múra láti pàdé Màmá laago márùn-ún ààbọ̀ àárọ̀. Àkúrẹ́ sí Èkó ò ju bíi kìlómítà 300 lọ, Google ní wákàtí márùn-ún, mo ní tá a bá kúrò nílé laago kan ọ̀sán, a ó tiẹ̀ ráyè jẹun ní éápọ́ọ̀tù.

A gba ọ̀nà Oǹdó já sí Òrè. A ò tíì kọjá Òrè dáadáa tí tirélà fi dábùú títì, wákàtí méjì lójú kan, dẹ́rẹ́bà pa ọkọ̀, Màmá ń fi etí ìborùn nu òógùn. A dé Berger, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tún dá wa dúró. Nígbà tá a wọ éápọ́ọ̀tù, aago mẹ́wàá ti kọjá ogún ìṣẹ́jú.

Mo sáré gbé báàgì dé káńtà, ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ wo tíkẹ́ẹ̀tì, ó wo Màmá, ó ní, "Màmá, ẹ má bínú, a ti ti káńtà láti aago mẹ́wàá." Ọ̀rọ̀ náà ò yé wọn, wọ́n bi mí, "Ṣé bàálù ti lọ ni?" Mo ní, "Rárá mà, ó ṣì wà nílẹ̀." "Ó wà nílẹ̀, wọn ò sì ní jẹ́ n wọ̀ ọ́?" Ohùn yẹn ṣì wà létí mi bí mo ṣe ń tẹ èyí. Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Màmá jókòó lé báàgì èlùbọ́ tí wọ́n fọwọ́ ara wọn kù, wọ́n tú gèlè, wọn ò sọ̀rọ̀ mọ́.

Wákàtí tẹ́ ẹ rí lára tíkẹ́ẹ̀tì, ti òkè nìkan ni, kò ka títì mọ́ ọn. Ó lé ní wákàtí mẹ́sàn-án tá a lò lórí ilẹ̀! Ẹni tó ń lọ Atlanta tó máa lo bíi wákàtí méjìlá lókè gan-an, títì Òrè yìí kan náà ló máa kọ́kọ́ gbà. Bàálù aago mọ́kànlá, aago mẹ́wàá ni tiyín, torí ó ku wákàtí kan ni wọ́n ń ti káńtà, aago mẹ́jọ ló yẹ kẹ́ ẹ ti wà níbẹ̀. Ẹ má sọ pé kí ló dé tá ò wọ bàálù láti Àkúrẹ́ o, mo mọ̀ pé kò tó wákàtí kan dé Èkó, àmọ́ aago ẹ̀ ò bá tiwa mu lọ́jọ́ yẹn, owó sì ti tán sórí tíkẹ́ẹ̀tì Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ lọ sùn l'Ékòó kó tó di ọ̀la ni mo ń sọ. Ẹ sùn l'Ékòó.

A sanwó kún un, wọ́n yí tíkẹ́ẹ̀tì, Màmá lọ lọ́jọ́ kẹta. Orí fóònù mi ni wọ́n ti wo ìkómọ, nílé ẹ̀gbọ́n wa kan l'Ágége, wọ́n ń pe orúkọ tí wọ́n fẹ́ fún ọmọ sínú fóònù, nẹ́tíwọ́ọ̀kì já lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n tún orúkọ náà pè lẹ́ẹ̀kẹta.