Bí Ẹ Ṣe Lè Lo GEOS Lórí Commodore 64 Láì Ba Fáìlì Jẹ́

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà alámàáòsì àtijọ́, Macintosh ni gbogbo ènìyàn máa ń dárúkọ. Commodore 64 náà ní tiẹ̀. GEOS ni, ètò tó ń jẹ́ kí a fi máòsì darí kọ̀ǹpútà náà; ilé-iṣẹ́ Berkeley Softworks ti Amẹ́ríkà ló gbé e jáde lọ́dún 1986. Mẹ́mọ́rì 64 KB péré ló wà nínú kọ̀ǹpútà yẹn, síbẹ̀ GEOS rí àyè fún deskTop tí a ti ń ṣètò fáìlì, geoWrite tí a fi ń kọ̀wé, àti geoPaint tí a fi ń yàwòrán. Iṣẹ́ ńlá ni, ó sì yẹ kí wọ́n máa kan sáárá sí àwọn tó ṣe é.

VICE, ètò tó ń mú kí kọ̀ǹpútà òde òní ṣe bíi Commodore 64, ló rọrùn jù láti fi ṣí i lónìí. Ẹ ṣí x64sc tó wà nínú VICE, ẹ fi máòsì 1351 sí control port 1, ẹ fún un ní REU (àfikún mẹ́mọ́rì) 512 KB, kí ẹ wá ki díìsìkì GEOS sí drive 8. Ẹ tẹ LOAD"GEOS",8,1. Ẹ má pa true drive emulation (èyí tó ń mú kí drive VICE ṣe bí ojúlówó) o, torí GEOS máa ń rán kóòdù tirẹ̀ lọ sínú mẹ́mọ́rì drive 1541 (ẹ̀rọ tó ń ka díìsìkì) kí díìsìkì lè yára kà. Bí drive náà kò bá ṣe bí ojúlówó, inú kíkà ló máa há sí.

Ọ̀nà tí ẹ ń gbà tẹ máòsì ṣe pàtàkì. Ẹ tẹ àmì fáìlì lẹ́ẹ̀kan, ẹ sinmi díẹ̀, ẹ tún un tẹ̀: òjìji rẹ̀ á tẹ̀ lé máòsì yín. Ẹ gbé e lọ síbi tó ń lọ, ẹ tẹ̀ kí ó bọ́ sílẹ̀. Bí ìtẹ̀ méjèèjì bá yá jù, ńṣe ni fáìlì náà á ṣí. Láti ṣe ẹ̀dà sórí díìsìkì mìíràn, ẹ kọ́kọ́ gbé e sí etí ìsàlẹ̀ deskTop, ẹ ṣí díìsìkì kejì, kí ẹ wá gbé e láti etí yẹn wọlé.

Ibi tí iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣòfò rèé. GEOS kì í kó ìwé geoWrite jọ sójú kan. Ó máa ń pín in sí abala-abala, abala kọ̀ọ̀kan sì ní ìtòtẹ̀léra tirẹ̀ lórí díìsìkì. Búlọ́ọ̀kù (ìpín kékeré lórí díìsìkì) kan ṣoṣo ló ń tọ́ka sí gbogbo wọn. VLIR lorúkọ ìlànà yìí. Òun ló jẹ́ kí ìwé tó tóbi ju mẹ́mọ́rì lọ ṣeé ṣí. Àmọ́ drive 1541 kò mọ̀ nípa rẹ̀. Bí ẹ bá ṣe validate (àṣẹ tó ń tún ṣírò ibi tó ṣófo lórí díìsìkì) láti inú BASIC, èdè tí a fi ń pàṣẹ fún Commodore 64, búlọ́ọ̀kù atọ́ka yẹn nìkan ni drive máa rí, á sì kéde pé ibi tí àwọn abala wà ṣófo. Ìwé yín ṣì máa ṣí lọ́jọ́ náà. Fáìlì tuntun tí ẹ bá kọ lẹ́yìn náà ló máa gorí rẹ̀. Validate inú àkójọ disk lórí deskTop nìkan ni kí ẹ lò. Bí ẹ bá sì fẹ́ gbé fáìlì kan ṣoṣo sórí kọ̀ǹpútà òde òní, ẹ kọ́kọ́ yí i sí CVT, irú fáìlì tó kó gbogbo abala náà jọ sójú kan.

Bí ẹ bá jáde nínú geoWrite tó ní kí ẹ fi díìsìkì tó ní deskTop sí i, kò sí ohun tó bàjẹ́: ẹ dá díìsìkì GEOS padà, ẹ tẹ OK.

REU yẹn ló ń mú GEOS yá. Ẹ ṣí CONFIGURE, ẹ sọ drive B di RAM 1541, kí ẹ da geoWrite àti deskTop síbẹ̀. Ṣùgbọ́n inú mẹ́mọ́rì ni RAM 1541 wà, nítorí náà ẹ da ìwé yín padà sórí díìsìkì gidi kí ẹ tó pa VICE.