Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú ọba, ẹ ṣọ́ra fún "when you get a minute"

Ẹ̀yin àbúrò mi, mo rí àkànlò èdè Gẹ̀ẹ́sì tẹ́ ẹ ń pín kiri lórí WhatsApp. "Kick the bucket", "break a leg", "raining cats and dogs", ẹ ti há gbogbo rẹ̀ sórí bíi Sáàmù. Ẹ kú iṣẹ́. Àmọ́ láti ìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ níbí, tí òjò ò sì yéé rọ̀, n ò tíì gbọ́ kí ẹnì kan dárúkọ ológbò sí i. Èyí tó ń kóni sí wàhálà kò sí nínú ohun tẹ́ ẹ há sórí yẹn. Nǹkan márùn-ún ni mo fẹ́ sọ.

Èkíní, ti aláìsàn. Ìyẹn rọrùn. Bí ìyá àgbà bá ní òun fẹ́ "spend a penny", ẹ má wá pọ́ọ̀sì fún wọn, ilé ìtọ̀ ni wọ́n ń lọ. Níbi àfihàn ńlá tí wọ́n ṣe ní Hyde Park ní 1851, George Jennings ṣe ilé ìtọ̀ tí èèyàn ń san pẹ́nì kan kó tó wọ̀ ọ́, ọ̀rọ̀ náà ò sì tíì kúrò lẹ́nu àwọn àgbà. Bí bàbá kan láti Yorkshire bá ní "I'm not too clever this morning", kì í ṣe pé ó ń bú ara rẹ̀, ara rẹ̀ ò yá ni. Ẹ wọn ìfúnpá rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ṣebí àwa náà ń gbọ́ pé ọba wàjà, a kì í gbé àkàbà.

Èkejì, ti ọ̀gá. Ibí lọ̀rọ̀ wà.

Mo ṣì wà lórí probéṣàn nígbà náà, ìyẹn àkókò tí wọ́n fi ń dán òṣìṣẹ́ tuntun wò. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mò ń ti tírọ́lì oògùn láti bẹ́ẹ̀dì dé bẹ́ẹ̀dì, mo wọ ẹ̀wù pupa tí wọ́n kọ "Do not disturb" sí láyà gàdàgbà. Máńájà wọ́ọ̀dù wa ń kọjá lọ, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "You might want to have a look at the fluid charts when you get a minute." Fluid charts ni ìwé tá a fi ń kọ iye omi tó wọ ara aláìsàn àti èyí tó jáde. Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ ọ. Ó lè wù mí, ó lè má wù mí, ìgbà tọ́wọ́ mi bá sì dilẹ̀ ni. Mo dúpẹ́. Mo pín oògùn tán, mo wẹ àwọn tó yẹ kí n wẹ̀, ọ̀sán ni mo tó kan ṣáàtì.

Nígbà tó yá, wọ́n pè mí sí ọ́fíìsì. Ó wà nínú ìwé ẹ̀sùn tí wọ́n kọ nípa mi pé wọ́n pàṣẹ fún mi, mo sì kọ̀. Àṣẹ! Mo ṣàlàyé títí. Máńájà náà gbọ́ mi tán, ó ní, "With the greatest respect…" Inú mi dùn, mo ní "Thank you, ma." Obìnrin ará Gánà tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ rán wá gbè mí lẹ́yìn fẹsẹ̀ gbá mi lábẹ́ tábìlì. Kọ́rídọ̀ ló ti wá là á yé mi pé ohun tí ọ̀gá ń sọ ni pé ọ̀rọ̀ mi ò lórí, kò nídìí. Wọ́n fi oṣù mẹ́ta kún probéṣàn mi.

Inú ń bí mi di òní. "Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí" ni wọ́n fi tọ́ èmi náà. Bàbá mi á kàn wo ife tó ṣófo ni, mo ti dìde. Àmọ́ kéèyàn sọ àbọ̀ ọ̀rọ̀ fún àlejò, kó wá fi odindi ìyà jẹ ẹ́, irú ẹ̀kọ́ ilé wo nìyẹn?

Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì yín ni kò dáa. Ní oṣù kẹrin 1951, lójú ogun Kòríà, lẹ́bàá odò Imjin, ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì kan, Tom Brodie, sọ fún Robert Soule, ọ̀gágun Amẹ́ríkà, pé nǹkan "a bit sticky". Àwọn ará Ṣáínà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé wọn mì ló ń wí. Ará Amẹ́ríkà, tó jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ló ń sọ láti kékeré, gbọ́ ọ pé apá wọn ṣì ká a. Nínú àwọn ọmọ ogun Gloucestershire tó wà lórí òkè níbẹ̀, àwọn tó bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá lé ní 500. Wọ́n á wá torí irú ẹ̀ bú ọmọ Ìbàdàn?

Ẹ̀kẹta, ti àwa fúnra wa. Tẹ́ ẹ bá ń kọ̀wé lórí akẹ́kọ̀ọ́ tó wà lábẹ́ yín, ẹ má kọ "She is trying" láéláé. Ẹ̀yin ń yìn ín, àwọn á kà á pé ó ń da èèyàn láàmú. Àbúrò wa kan kọ ọ́ láìpẹ́ yìí, ọmọ ọlọ́mọ sunkún dé ilé.

Ẹ jẹ́ ká fi ìkẹrin àti ìkarùn-ún sílẹ̀, mo níṣẹ́ alẹ́. Bí ọ̀gá bá ti ní "when you get a minute", ẹ dúró, ẹ bi í: "Now, or after the drug round?" Wọn kì í bínú. Ìdáhùn tó bá fún yín, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, tòun ti aago. Ìwé pélébé kan wà nínú àpò yúnífọ́ọ̀mù mi fún ìyẹn. Máńájà tuntun tó dé sọ́dọ̀ wa bi mí lọ́jọ́ kan pé kí ni mò ń kọ síbẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín músẹ́, mo ní, "Oh, nothing much."