Oil Dey

Ẹni tó bá rí mi nídìí ọkọ̀ mi á rò pé mánúà ni mò ń wà, nítorí ọwọ́ ọ̀tún mi kì í kúrò lórí ọ̀pá gíà. Ọ́tò tó ń pààrọ̀ gíà fúnra rẹ̀ ni o! Jíìpù Toyota 4Runner ọdún 1999 ni. Tí mo bá ti gbé e sí D, kò tún nílò ọwọ́ mi mọ́. Ṣùgbọ́n mánúà ni mo fi kọ́ ọkọ̀ wíwà, ọwọ́ mi ò sì tíì gbà pé wọ́n ti dá òun dúró lẹ́nu iṣẹ́.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, à ń bọ̀ láti Ilé-Ifẹ̀. A ti kọjá Ìkirè, níbi tí Ìyá Ìbejì ti ra dòdò. Mo tẹná, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ké bí ẹ̀rọ ìlọta. Abẹ́rẹ́ tó ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí ti kọjá 3,000, bẹ́ẹ̀ a ò tíì sá tó 100 kìlómítà ní wákàtí. Bọ́ọ̀sì akérò tó di ẹrù rù débi orí ń yà wá sílẹ̀. Iná kékeré kan sì tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù: O/D OFF.

"Bàbá Ìbejì, kí ni O/D?"

Ọkùnrin wo ni yóò sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé òun ò mọ ohun tó wà nínú ọkọ̀ òun? Mo ní, "Oil Dey ni. Ó ń sọ fún wa pé ọ́ìlì wà."

Ó ju dòdò kan sẹ́nu, ó jẹ ẹ́ tán. "Tó bá jẹ́ Oil Dey, kí wá ni OFF?"

Mo yí rédíò sókè.

Nígbà tó di ọjọ́ kejì, aládùúgbò wa kan bá mi dá sí i. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni Bàbá, wọn ò ní ọkọ̀ rí láyé wọn, ṣùgbọ́n kò sí àìsàn ọkọ̀ tí wọn ò mọ̀. Wọ́n ní kí n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Wọ́n fa géèjì ọ́ìlì yọ, wọ́n nù ún, wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n wá mirí bíi dókítà tó fẹ́ pe àwọn ẹbí aláìsàn jọ.

"Dúdú bí kóòtà. Gíà ẹ ti jóná."

Jìnnìjìnnì bò mí. Mo ti gbọ́ ọ rí pé pupa ni ọ́ìlì gíà, àti pé tó bá ti dúdú tó sì ń rùn bí ìdí ìkòkò tó jóná, àwọn pálétì inú gíà ló ń jó. Mo gba Agódì Gate lọ, mo ra ọ́ìlì gíà lítà mẹ́rin. Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń ta gíà tòkunbọ̀ níbẹ̀ ò tilẹ̀ rí ọkọ̀ náà, ó ti ní sísọ ni kí n sọ gíà kalẹ̀, òun á sì gba ₦480,000 lọ́wọ́ mi nítorí pé ojú mi jọ ti ẹ̀gbọ́n òun. Ẹlòmíì fi kọ̀ǹpútà yẹ ọkọ̀ wò, ó gba ₦10,000, ó ní kọ̀ǹpútà ò rí nǹkan kan. Inú mi fẹ́ẹ́ dùn. Ó ní kí n má tíì yọ̀, pé àìsàn tí ẹ̀rọ ò rí gan-an ló ń pa ni.

Mo wá gbé e lọ bá mẹkáníìkì tèmi. Wọ́n ní Ọ̀gá ti lọ òde ìsìnkú. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ló wà níbẹ̀, kò lè ju ọmọ ọdún márùndínlógún lọ.

"Dádì, ẹ má pa ẹ́ńjìnnì."

Ó ní kí n gbé ọkọ̀ síbi tó tẹ́jú, kí n tẹ bíréèkì. Ó fa ọ̀pá gíà láti P dé L ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ó dá a padà sí P. Ó wá fa géèjì kan tí mi ò rí rí láyé mi, tó fara pamọ́ sẹ́yìn ẹ́ńjìnnì. Ọ́ìlì orí rẹ̀ pupa bíi sóbò, ó sì ga dé ojú HOT, ibi tó yẹ kó dé tó bá ti gbóná.

"Ti gíà nìyí, sà. Èyí tí ẹ yẹ̀ wò nílé, ti ẹ́ńjìnnì ni. Ìyẹn sì ti yẹ ní pípààrọ̀ tipẹ́."

Mo dákẹ́. Ó yọjú wo dáṣíbọ́ọ̀dù. "Ṣé iná yìí máa ń ṣẹ́jú ni, àbí bó ṣe tàn gbọin báyìí ló máa ń tàn?"

Mo ní gbọin ni. Ó ní tó bá ń ṣẹ́jú ni, a jẹ́ pé ọkọ̀ ti rí àbùkù, ó sì ti kọ ọ́ sílẹ̀. Tó bá tàn gbọin, ẹnìkan ló ti gíà kẹrin pa. Ó tẹ bọ́tìnì kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí ọ̀pá gíà. Kẹ́! Iná kú.

"Overdrive ni, sà. Gíà kẹrin ló ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì sinmi tí ẹ bá ń sáré. Tí ẹ bá tì í, orí kẹta lọkọ̀ máa wà. Ó dáa tí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè tàbí tí ẹ bá ń fa ẹrù."

"Ta ló wá tì í?"

Ọmọ náà wo ọwọ́ mi. Orí ọ̀pá gíà ló wà, àtàńpàkò mi jókòó sórí bọ́tìnì náà bí ọba lórí ìtẹ́. Kò sọ̀rọ̀. Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ni.

Mo bi í pé èló ni, ó ní kí n fún òun lówó mínírà. Mo fún un ní ₦2,000, mo tún bẹ̀ ẹ́ pé kó má sọ fún ọ̀gá rẹ̀. Nígbà tí mo délé, mo sọ fún Ìyá Ìbejì pé wáyà kan ló já, pé iṣẹ́ náà le díẹ̀. Ọ́ìlì lítà mẹ́rin náà ṣì wà lábẹ́ àtẹ̀gùn. Táíwò ti bi mí lẹ́ẹ̀mejì bóyá sóbò ni.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, a tún ń lọ sí Ifẹ̀. A ra dòdò ní Ìkirè, a kọrí sí Gbọ̀ngán. Kò pẹ́, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Mo na ọwọ́ sí rédíò, ṣùgbọ́n Ìyá Ìbejì ti wo dáṣíbọ́ọ̀dù.

"Bàbá Ìbejì, Oil Dey ti dé o."

Ó rọra gbé ọwọ́ mi kúrò lórí ọ̀pá gíà, ó fi àtàńpàkò tirẹ̀ tẹ bọ́tìnì náà, kẹ́! Ó wá fi dòdò kan há mi lọ́wọ́.