Ọ̀túnba Adénúgà, táksì New York, àti mílíọ̀nù 20 dọ́là tó wọgbó

Kò sí ọmọ Yorùbá tó ń wa táksì ní New York tí ò tíì gbọ́ ìtàn yìí. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba láísẹ́ǹsì lọ́wọ́ TLC, àjọ tó ń bójú tó táksì níbí, kó tó mọ ọ̀nà Queens dáadáa ni ẹnì kan á ti gbá a léjìká pé fọkàn balẹ̀ jàre, Mike Adénúgà tó ni Glo náà wa táksì níbí, wo ibi tí wọ́n wà lónìí. Wọ́n á sọ ọ́ lóde ìkómọ, wọ́n á sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, pásítọ̀ pàápàá á fi ṣàdúrà fún ẹ. Mo fẹ́ràn ìtàn yẹn, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n bá a ṣe ń sọ ọ́ ni ò tẹ́ mi lọ́rùn, torí ńṣe la máa ń fò láti inú táksì bọ́ sínú bílíọ̀nù, bí ẹni pé kó ṣáà ti rẹ èèyàn ni owó fi ń wá, gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín la máa ń gbójú fò.

Ọdún 1953 ni wọ́n bí Ọ̀túnba n'Íbàdàn, ọmọ Ìjẹ̀bú, bàbá wọn jẹ́ tíṣà, ìyá wọn ń ránṣọ, wọ́n sì ń ṣòwò. Ibadan Grammar School ni wọ́n lọ. Nígbà tí wọ́n dé Amẹ́ríkà, Oklahoma ni wọ́n ti kọ́kọ́ kàwé, lẹ́yìn náà ni wọ́n wá sí Pace University ní New York níbí, owó ilé ìwé yìí ni wọ́n sì torí ẹ̀ wa táksì. Ẹ bá mi di ọ̀rọ̀ yẹn mú o, owó ilé ìwé. Wọ́n mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi owó náà ṣe kí wọ́n tó jókòó sídìí sítíárín.

Ẹ̀yin tẹ́ ò wa táksì rí, ẹ jẹ́ n ṣàlàyé. Wákàtí 12 ni ṣíìfù kan. Tó o bá háyà mọ́tò lọ́wọ́ gárééjì, o ti jẹ gbèsè kó o tó ṣáná sí i, torí owó háyà ọjọ́ yẹn wà lọ́rùn ẹ, owó epo wà lọ́rùn ẹ, kó o tó bẹ̀rẹ̀ sí í pa owó tìẹ, ilẹ̀ á ti fẹ́ ṣú. Ní JFK, pápákọ̀ òfuurufú ńlá tó wà níbí, pápá ńlá kan wà tá a máa ń to mọ́tò sí de pásẹ́ńjà, èèyàn lè wà níbẹ̀ wákàtí méjì, nígbà míì kó jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí $70 ni JFK sí Manhattan, gó-sìló ò gó-sìló, gbogbo wa la sì fẹ́ ẹ. Inú pápá yẹn lo ti máa mọ ẹni tó mọ ibi tó ń lọ. Àwọn kan ń sùn, àwọn kan ń kírun, àwọn kan ń jiyàn bọ́ọ̀lù láti àárọ̀ dalẹ́. Ọmọ Ghana kan wà tó máa ń tẹ́ ìwé nọ́ọ̀sì ẹ̀ sórí sítíárín, á fi bírò pupa fàlà sábẹ́ ọ̀rọ̀, tí ìlà bá sún á sún mọ́tò, á tún ṣí ìwé padà. Kì í bá wa jiyàn. Ó ti kúrò láàárín wa tipẹ́, nọ́ọ̀sì ni báyìí.

Àárẹ̀ nìkan kì í sọ èèyàn di nǹkan kan, mo fẹ́ ká sọ òótọ́ yìí fún ara wa. Irin pẹlẹbẹ kékeré kan wà tí wọ́n ń kàn mọ́ iwájú yellow cab, medallion ni wọ́n ń pè é, ẹni tó ní in ló ní ẹ̀tọ́ láti fi mọ́tò náà ṣe táksì. Nígbà tó fi máa di 2014, owó ẹ̀ ti wọ mílíọ̀nù kan dọ́là. Àwọn awakọ̀ tó ti ṣiṣẹ́ fún ogún ọdún yá owó rà á, wọ́n ní ìfẹ̀yìntì àwọn nìyẹn. Uber dé, owó irin yẹn já wálẹ̀ wìì, gbèsè ò já o, gbèsè dúró digbí. Ní 2018 àwọn kan lára wọn gba ẹ̀mí ara wọn. Ní October 2021, àwọn awakọ̀ lọ jókòó síwájú City Hall, wọ́n ní àwọn ò ní jẹun, ọjọ́ 15 ni wọ́n fi febi pa ara wọn kí ìjọba ìlú tó gbà láti dúró fún wọn, tí wọ́n sì já gbèsè náà wálẹ̀ kí ti ẹnì kọ̀ọ̀kan má bàa ju $170,000 lọ. Ẹni tó bá mọ ìsàlẹ̀ Manhattan á mọ̀ pé City Hall yẹn àti Pace University, ojú títì ló pààlà wọn. Ta ló fẹ́ sọ fún mi pé àwọn èèyàn yẹn ò ṣiṣẹ́ kára tó Adénúgà? Wọ́n ṣe é, àwọn míì ṣe é jù ú lọ.

Nítorí náà, kí ló wà nínú ìtàn Ọ̀túnba tó yẹ ká mú? Àkọ́kọ́, wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n gba sabúké wọn, wọ́n wálé, nígbà tó fi máa di 1979 tí wọ́n pé ọmọ ọdún 26, wọ́n ti ń ta léèsì, wọ́n ti ń pín mínírà, ibẹ̀ ni mílíọ̀nù àkọ́kọ́ ti wá. Ọmọ ẹni tó ti ń ṣòwò tẹ́lẹ̀ ni wọ́n o, ẹ má jẹ́ ká fi ìyá yẹn pamọ́. Ní 1991 iléeṣẹ́ epo wọn kan epo, wọ́n ti di olówó gidi nìyẹn, ká ní ibẹ̀ ni wọ́n dúró sí, kò sẹ́ni tó máa bú wọn.

Ọ̀rọ̀ fóònù yìí ni mo máa ń rò jù. Lọ́dún 1999 ìjọba ológun tó ń kógbá sílé fún iléeṣẹ́ wọn ní láísẹ́ǹsì GSM, ìjọba alágbádá dé, wọ́n gbà á padà. January 2001 wọ́n tún fi láísẹ́ǹsì ṣe gbàǹjo, CIL tó jẹ́ ti Ọ̀túnba wà lára àwọn tó já mọ́ lọ́wọ́, mílíọ̀nù 285 dọ́là ni ẹnì kọ̀ọ̀kan máa san. Ìjà wá bẹ́ sílẹ̀ lórí ìgbì afẹ́fẹ́ tí fóònù ń gbà ṣiṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ pín fún wọn, iléeṣẹ́ náà ní àwọn míì ṣì wà lórí ẹ̀, ọjọ́ tí ìjọba dá pé, owó ò wọlé, bí láísẹ́ǹsì ṣe lọ nìyẹn, tí mílíọ̀nù 20 dọ́là tí wọ́n ti kọ́kọ́ san sílẹ̀ náà sì wọgbó. Lọ́dún 2002 ìjọba ní àwọn ń wá iléeṣẹ́ tó máa ṣe ìkejì NITEL, iléeṣẹ́ tẹlifóònù ìjọba. Bàbá yìí tún jáde, lórúkọ Globacom, wọ́n san mílíọ̀nù 200 dọ́là, nígbà tó di August 2003, Glo bẹ̀rẹ̀.

Àwọn iléeṣẹ́ fóònù tó kù ti fi nǹkan bí ọdún méjì ṣáájú. Àmọ́ ẹ rántí bí nǹkan ṣe rí nígbà yẹn. 50 náírà ni ìṣẹ́jú kan, ẹ̀ báà sọ̀rọ̀ sẹ́kọ́ǹdì mẹ́wàá péré, tẹ́ ẹ bá sì fi sẹ́kọ́ǹdì kan wọ ìṣẹ́jú kejì, 100 náírà ti lọ. Àǹtí mi kan ń ta kọ́ọ̀lù lábẹ́ agboòrùn ní Mọ́kọ́lá, wọ́n fi okùn so aago mọ́ tábìlì, ojú wọn kì í kúrò lára ẹ̀, tó bá ti di sẹ́kọ́ǹdì 50 wọ́n á máa fọwọ́ tọ́ kásítọ́mà, 'ó ti ń lọ o, ó ti ń lọ o', ẹni yẹn á já ìpè láàárín gbólóhùn, kò tíì sọ ohun tó tìtorí ẹ̀ pè. Gbogbo wa là ń ráhùn, àwọn iléeṣẹ́ fóònù ní kò tíì yá láti máa gba owó ní sẹ́kọ́ǹdì kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ tí Glo dé, sẹ́kọ́ǹdì kọ̀ọ̀kan ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kà, kò sì pẹ́ tí àwọn tó kù fi tẹ̀ lé e. Ìforítì tí mo rí nínú ẹ̀ nìyẹn. Ẹni tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ tó tún padà wá, ó dáa, àmọ́ tó bá padà wá pẹ̀lú ohun kan náà tó gbé wá lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n tún lè tì í mọ́ ọn. Ọ̀túnba wo ibi tó ti ń dun aráàlú, ibẹ̀ ni wọ́n gbà wọlé.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ní ẹni tó ní mílíọ̀nù 20 dọ́là tó lè sọnù, kí ló fẹ́ fi kọ́ èmi tí rẹ́ǹtì ń lé. Ọ̀rọ̀ gidi ni. Ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe wúlò fún èmi. Ẹja àrọ̀ gbígbẹ ni mo ń tà tẹ́lẹ̀ mọ́ táksì, ó ń lọ dáadáa, àfi bí ìjọba Amẹ́ríkà ṣe gbé àbójútó ẹja àrọ̀ kúrò lọ́dọ̀ FDA, àjọ tó ń rí sí oúnjẹ àti oògùn, lọ sọ́dọ̀ USDA, iléeṣẹ́ ìjọba fún iṣẹ́ àgbẹ̀, orílẹ̀-èdè tí àyẹ̀wò wọn ò bá tíì bá ti ibí dọ́gba, ẹja wọn ò ní wọlé, nígbà tó di 2018 ti Nàìjíríà ò wọlé mọ́. Ọjà tán lọ́wọ́ mi. Ó dùn mí wọra, mi ò ní purọ́, ó tó ọdún kan tó jẹ́ pé táksì nìkan ni mo dojú kọ.

Ìgbà yẹn ni mo rántí aago àǹtí mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bi àwọn èèyàn ní Bronx àti Staten Island pé nínú oúnjẹ ilé tẹ́ ẹ ń rà, kí ló ń dùn yín? Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó, àwọn ọmọ ilé ìwé tó ń gbé yàrá kan ṣoṣo, ohun kan náà ni wọ́n ń sọ. Báàgì elùbọ́ ti tóbi jù, èmi nìkan ni mo ń jẹ ẹ́, kòkòrò á wọ̀ ọ́ kí n tó jẹ ẹ́ dé ìdajì, owó ẹ̀ á tún gé mi lẹ́ẹ̀kan náà. Nílé, kóńgò kan tàbí ìdajì kóńgò lèèyàn ń rà, níbí, báàgì ńlá ni wọ́n máa ń gbé fún ẹ.

Mo gba láísẹ́ǹsì lọ́wọ́ ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ ìpínlẹ̀ New York, torí téèyàn bá fẹ́ máa tú oúnjẹ dì sínú ọ̀rá míì kó tó tà á, wọ́n ní kó gbà á. Mo ń ra elùbọ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń kó o wọlé, mò ń dì í ní pọ́n-ùn kan, pọ́n-ùn méjì, ìwọ̀n tí ẹnì kan lè jẹ tán kí kòkòrò tó gbọ́. Ẹ ò ní gbà gbọ́ bó ṣe ń lọ. Nọ́ọ̀sì kan ń rà á fún gbogbo àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ alẹ́. Mo ṣì ń wa táksì ní Friday àti Saturday, torí owó táksì ni mo fi ń ra ọjà, mo sì ti sọ fún ìyàwó mi iye tí elùbọ́ gbọ́dọ̀ máa pa lóṣù kí n tó dá kọ́kọ́rọ́ padà fún gárééjì. Ó kọ ọ́ sára ògiri kíṣìnnì. Oṣù tó ń bọ̀, gàrí Ìjẹ̀bú ló kàn, àwọn kásítọ́mà ti ń béèrè, wọ́n sì ti kìlọ̀ fún mi pé tí ò bá kan, kí n má gbé e wá.